Níbo Ni Dátà Wa Ń Sùn? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mínísítà fún Ìhùmọ̀, Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ọlọ́lá Mínísítà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Àkúrẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba dá ibùdó kan sílẹ̀ tí a ó ti máa tọ́jú dátà ìwádìí nípa ohun abẹ̀mí nílẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ rí fún ìwádìí, ó kan àgbẹ̀ tí wọ́n ti já ewé kòkó lóko rẹ̀ lọ sí láàbù, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó ń san owó orí. Ó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ìyàwó ọ̀gá mi kan tó ti di olóògbé ránṣẹ́ pè mí sí ilé wọn ní Òkè-Àró. Ọ̀gá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́ láàbù. Ọdún 14 gbáko ló fi ń bu omi Odò Àlà, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, tó ń wá àwọn kòkòrò àìfojúrí tí oògùn kì í pa mọ́. Màmá ní kí n wá wo ẹrù rẹ̀, torí àwọn ọmọ fẹ́ kun yàrá náà lọ́dà. Mo bá ìwé àkọsílẹ̀ 31, hád dísìkì kan àti fláàṣì méjì. Ikán ti jẹ 9 nínú àwọn ìwé náà. Dísìkì yẹn ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nígbà tí mo fi í sára kọ̀ǹpútà, kò sì ṣí títí dòní. Fláàṣì kan ṣí. Táblì ńlá kan ló wà nínú rẹ̀, ìlà tó lé ní 6,000, ohun tó sì wà lórí àwọn òpó rẹ̀ kò ju èyí lọ: S1, S2, S3, T, K.

T lè jẹ́ bí omi ṣe gbóná tó. S lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti bu omi. K ńkọ́? Mo bi ẹni mẹ́ta tó bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ní orúkọ oògùn ni. Ọ̀kan ní orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó bu omi lọ́jọ́ náà ni. Ẹnì kẹta ní òun kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ti wà nínú ibojì.

Ọlọ́lá, omi bọ́ lójú mi nínú yàrá yẹn. Iṣẹ́ ọdún 14, tí owó ìjọba wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é, ti di ẹrù inú páálí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá ti ṣiṣẹ́ kò béèrè dátà náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n béèrè. Bí wọ́n bá tilẹ̀ béèrè, kò sí ibi tí wọn ì bá kó o sí. Àìbìkítà yìí ti wà kí ẹ tó dé ipò, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà lórí àga báyìí, ẹ̀yin ni mo sì lè bá sọ ọ́.

1. Ohun tí mo ń pè ní dátà

Tí a bá ti dárúkọ dátà, ohun tí à ń rà sórí fóònù ló ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Èyí tí mo ń sọ ni àkọsílẹ̀ tó ń jáde látinú ìwádìí nípa ohun abẹ̀mí, yálà ènìyàn, ẹranko, ewéko tàbí kòkòrò àìfojúrí: bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣe ń ru, fọ́tò ewé tí àrùn ti mú, iye èso tó jẹrà lórí igi kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà inú DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Jínómù, ìyẹn àpapọ̀ gbogbo lẹ́tà DNA náà, ti ènìyàn kan ṣoṣo ní lẹ́tà bílíọ̀nù 3. Bí ẹ̀rọ bá kà á yékéyéké, fáìlì tó máa bọ́ síta lè súnmọ́ 100 gígábáìtì. Kọ̀ǹpútà tí olùkọ́ fásitì ń gbé kọ́rùn kiri kò lè gba ti ènìyàn 20.

Síbẹ̀ títóbi yẹn kọ́ ló ń pa wá. K yẹn ló ń pa wá. Dátà tí kò ní àlàyé dà bí ìgò oògùn tí bébà ara rẹ̀ ti ya dànù. Oògùn gidi lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé e mu? Ní 2016, àwọn onímọ̀ gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní FAIR, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí lágbàáyé ń tẹ̀ lé báyìí: kí dátà ṣeé wá rí, kí ó ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dé ìdí rẹ̀, kí ó lè bá ti ẹlòmíràn rìn, kí ó sì ṣeé tún lò. Iṣẹ́ ọ̀gá mi kò kún ojú òṣùwọ̀n kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀lẹ kọ́ ni. Aago mẹ́fà àárọ̀ kì í bá a nílé lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ bu omi. Òun ló ń wa mọ́tò, òun ló ń bu omi, òun ló ń fọ ìgò, òun ló ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹnì kan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti tọ́jú ohun tó ń kó jọ.

2. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà ní Camden

Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé ń ṣe iṣẹ́ HapMap, tó ń wá ibi tí lẹ́tà DNA ènìyàn ti yàtọ̀ síra, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ènìyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lò. 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn, ìdílé 30: bàbá, ìyá àti ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n jókòó ti àwọn ará àdúgbò, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n gba ìyọ̀ǹda. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni jalè o. Orúkọ tí wọ́n fi pe àwọn ènìyàn wa nínú ìwé ni YRI, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń ṣe ìwádìí jínómù ènìyàn tí kò mọ lẹ́tà mẹ́ta yìí. Coriell Institute, ní ìlú Camden, ìpínlẹ̀ New Jersey, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà.

Ẹ wo ohun tí dátà tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè ṣe. Ní 2010, àwọn olùwádìí ń wá ìdí tí àrùn kíndìnrín fi ń ṣe àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà ju aláwọ̀ funfun lọ. Wọ́n rí ìyípadà nínú jíìnì kan, ìyẹn apá kan nínú DNA tí à ń jogún, tó ń jẹ́ APOL1. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá wà nínú ewu àrùn kíndìnrín ju ẹlòmíràn lọ. Ìyípadà yìí kan náà ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ irú àìsàn oorun kan, ìdí nìyẹn tó fi gbilẹ̀ láàrin àwọn baba ńlá wa. Dátà YRI wà lára ohun tí wọ́n fi mọ èyí, ó sì wọ́pọ̀ gan-an láàrin Yorùbá. Lónìí, ilé-iṣẹ́ oògùn ní òkèèrè ti ń dán oògùn wò lórí rẹ̀.

Mo ní àbúrò kan tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí. Bí mo bá jókòó tì í, tí ẹ̀rọ ń yí, mo máa ń rò ó pé ohun tó ṣeé ṣe kó fa àìsàn rẹ̀, àárín àwa Yorùbá ni wọ́n ti gba apá kan nínú ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ mọ bí APOL1 ṣe rí láàrin àwọn aláìsàn kíndìnrín ní Oǹdó, ní Ọ̀wọ̀, ní Ìkàrẹ́, kò sí ibì kan nílẹ̀ yìí tó lè lọ kan ilẹ̀kùn. Yóò fi owó ara rẹ̀ fa dátà wá láti òkèèrè, yóò sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti orí òfo. Nínú gbogbo ènìyàn tí wọ́n ti lò fún irú ìwádìí tó ń wá jíìnì tó so mọ́ àìsàn lágbàáyé, àwọn tó jẹ́ ìran Áfíríkà kò tó 3 nínú 100. A ò lè máa sunkún lórí iye yẹn ká má ní àpótí tí a ó kó tiwa sí.

Iṣẹ́ H3Africa, ìwádìí jínómù àti ìlera ní Áfíríkà, tí Amẹ́ríkà àti àjọ Wellcome ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náwó lé lórí bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ó parí ní 2022. Ó dára púpọ̀. Ó dá ibi ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ kan sílẹ̀ ní Àbújá, ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa níṣẹ́ ìtúpalẹ̀ dátà. Àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn, nígbà tí owó tán, wọ́n wá iṣẹ́ lọ. Púpọ̀ nínú wọn wà ní òkèèrè báyìí.

3. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2018

Ọlọ́lá, ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ibà Lásà. Abúlé Lassa, ní ibi tó ń jẹ́ Borno lónìí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1969, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún báyìí, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, Oǹdó, Edo àti Bauchi ni orúkọ wọn máa ń wà lókè nínú ìròyìn NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn nílẹ̀ wa. Eku ló ń gbé e wọlé. Gààrí tí a sá sẹ́bàá títì, àgbàdo tí a kò dé, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì máa ń kó o lára aláìsàn. Ẹ béèrè ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀, kí wọ́n sọ fún yín bí oṣù kejì ọdún ṣe máa ń rí.

Ní 2018, àrùn náà gbilẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, jìnnìjìnnì sì bo gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ṣé kòkòrò yìí ti yí padà ni, ṣé ènìyàn ló ń kó ran ènìyàn báyìí? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìjọba máa ṣe. Ní ilé ìwòsàn ńlá ti Irrua ní Edo, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tó lè wọ àpò ka jínómù kòkòrò náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn ti ACEGID, ibùdó ìwádìí jínómù àwọn àrùn tó ń ranni ní Redeemer's University, Ẹdẹ, náà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìdáhùn jáde: ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn aláìsàn, ọ̀dọ̀ eku ni oníkálukú ti kó tirẹ̀. Kì í ṣe àrùn tuntun. Ọ̀nà tí à ń gbà bá a jà tẹ́lẹ̀ náà ni ká tẹra mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n rí jínómù ti àwọn ọdún tó ti kọjá, wọ́n fi tuntun wé e. Ká ní àwọn ti àtijọ́ wà nínú dísìkì tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ìbéèrè yẹn ì bá ṣì wà nílẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa parí. Ẹni tó bá ní ebi ń pa ará ìlú, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ dátà, kí ó jọ̀ọ́ kí ó ro èyí wò.

Ẹdẹ kan náà ló ṣáájú gbogbo Áfíríkà nínú kíka jínómù kòkòrò kòrónà, ní oṣù kẹta 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí aláìsàn àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa. Wọ́n gbé e síta kíákíá kí gbogbo àgbáyé lè rí i. Wọ́n ṣe dáadáa, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọgbọ́n wà nílẹ̀ yìí, ọwọ́ tó lè ṣe é wà. Orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá ìpamọ́, tó wà nílẹ̀ àjèjì ni ohun tí wọ́n bá ṣe máa ń sùn.

4. Àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ìpínlẹ̀ wa ló ń ṣáájú nínú kòkó ní Nàìjíríà. Wọ́n ti ka jínómù kòkó láti 2010, kì í ṣe àwa la kà á. Ní ọdún tó kọjá, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí oko bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdànrè, a fẹ́ mú lára èso tí àrùn ti sọ di dúdú. Bàbá gbé àga fún wa, wọ́n fún wa lómi, wọ́n wá ní, "Olùkọ́, ẹ̀yin lẹ ṣìkẹrin. Àwọn tó wá ṣáájú yín, kí ni wọ́n rí?"

Mi ò mọ̀. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Mi ò ní ibi tí mo lè wò ó. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí mo fẹ́ lọ náwó sí jẹ́ ohun tí ẹnì kan ti parí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tó wà nínú kọ̀ǹpútà kan ní Ìbàdàn tàbí ní ibòmíràn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, mo ní wọ́n kú sùúrù. Nígbà tí a ń padà sí Àkúrẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé.

A ní NACGRAB ní Moor Plantation, Ìbàdàn, láti 1987, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn àti ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ìjọba mọ̀ pé irúgbìn kì í ṣe ohun à ń fi sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo láti tọ́jú. Ìmọ̀ tí a ti kó jọ nípa irúgbìn náà ló wà láìní ilé.

5. Íńdíà ti ṣe é, wọn kò lówó ju bí a ṣe rò lọ

Ní oṣù kọkànlá 2022, Íńdíà ṣí Indian Biological Data Centre ní ìlú Faridabad. Kí ó tó di ìgbà náà, òkèèrè ni àwọn onímọ̀ tiwọn náà ń kó dátà lọ, gẹ́gẹ́ bí àwa. Àyè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ pétábáìtì 4, ìyẹn gígábáìtì mílíọ̀nù 4. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn kọ́ ni títóbi rẹ̀. Ní 2021, kí wọ́n tó ṣí ilé náà, wọ́n ti gbé ìlànà jáde pé dátà ìwádìí tí owó ìlú bá ṣe, ibẹ̀ ni kí wọ́n máa kó o wá. Ẹ̀dà kejì sì wà ní Bhubaneswar, ìlú mìíràn tó jìnnà sí Faridabad, kí iná tàbí omíyalé má bàa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ kan.

South Africa ní ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ dátà ohun abẹ̀mí, SANBI, láti 1996. Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Yúróòpù àti Japan ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ dátà DNA láàárín ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé ohun tó bá wà ní ọ̀kan wà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ní ilé ni wọ́n ń bá ṣe irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

6. Òfin ti wà, ibi tí a ó ti pa á mọ́ ni kò sí

Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 ka dátà jíìnì ènìyàn sí ara ohun tí ó nílò ìṣọ́ra pàtàkì. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n báwo ni olùkọ́ tó ní fláàṣì kan nínú àpò ṣòkòtò ṣe fẹ́ pa á mọ́? À ń sọ fún aláìsàn pé àṣírí rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, a sì mọ̀ nínú ọkàn wa pé káńtà inú ọ́fíìsì ni ó wà, ẹni tó ń gbálẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé kí a jẹ́ kí àwọn oníṣòwò ṣe é. Ilé-iṣẹ́ 54gene bẹ̀rẹ̀ ní 2019 pẹ̀lú ìlérí ńlá nípa jínómù ènìyàn Áfíríkà, owó òkèèrè wọlé, inú gbogbo wa dùn. Ní 2023 ó kógbá wọlé. Mi ò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀, òwò lè kú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gba ẹnu kan lẹ́yìn náà ni pé: ẹ̀jẹ̀ àti dátà àwọn tó gbà kí wọ́n fi ara àwọn ṣe ìwádìí ńkọ́? Ohun tí ẹ̀mí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju ti ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ, a kì í fi lé òwò nìkan lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn ní ṣebí Google Drive wà. Mo ń lò ó, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹni náà bá kú, ọ̀rọ̀ aṣínà bá a lọ. Bí kò bá rí dọ́là san, wọ́n á tì í pa. Kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè pé kí ni K.

7. Ohun tí a fẹ́

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jábọ́. Dátà ìwádìí fásitì, wọ́n á ní ti Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ni, torí abẹ́ rẹ̀ ni TETFund, àjọ tó ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, wà. Dátà aláìsàn, wọ́n á ní ti Ètò Ìlera ni. Ti kòkó àti ẹran ọ̀sìn, ó di ti Ètò Ọ̀gbìn. Gbogbo wọn ló ni ín, nítorí náà kò sí ẹni tó ni ín. Nítorí èyí ni mo fi kọ̀wé sí yín, Ọlọ́lá, torí sáyẹ́ǹsì ni orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn yín, abẹ́ yín sì ni iṣẹ́ báótẹkinọ́lọ́jì orílẹ̀-èdè yìí wà láti 2001. Ẹ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ń béèrè kò ná yín ní bíríkì kan: ìlànà tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, pé ìwádìí ohun abẹ̀mí tí owó ìlú bá wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ètò ìtọ́jú dátà kí wọ́n tó fún un lówó, àti pé sísan ìyókù owó yóò dúró títí dátà yóò fi wọ ibi ìpamọ́. TETFund ti ń fi National Research Fund ran àwọn olùṣèwádìí lọ́wọ́. Kí wọ́n ya ìwọ̀nba kan sọ́tọ̀ nínú owó kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú dátà, kí olùṣèwádìí má baà máa fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra dísìkì.

Èkejì ni àwọn ènìyàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró sí jù, torí ibẹ̀ ni a ti máa ń ṣìṣe. Bí ìjọba wa bá gbọ́ ibùdó, ilé ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n á ra ẹ̀rọ, wọ́n á gé rìbọ́ńnì, lẹ́yìn ọdún méjì eruku á bo gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ń fẹ́ olùtọ́jú dátà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó ní orúkọ, ipele owó oṣù àti ìgbéga nínú iṣẹ́ ìjọba, bí olùtọ́jú ìwé ní láíbìrì ṣe ní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 40 kí ẹ tó po sìmẹ́ǹtì kankan. Kí wọ́n máa lọ láti fásitì dé fásitì, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn. Èyí kò lè dúró de ilé kankan. Lọ́dọọdún ni à ń sìnkú wọn.

Ibùdó náà fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ilé kan ṣoṣo ní Àbújá. Kí orí rẹ̀ wà ní ibì kan, kí ẹ̀dà kejì wà ní ìlú tó jìnnà sí i, kí ẹ̀ka wà níbi tí iṣẹ́ wà. Ẹdẹ ti ní ọwọ́ nínú jínómù. Ìbàdàn ní irúgbìn. Àwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ibà Lásà ní Ọ̀wọ̀, kòkó ní Ìdànrè, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ FUTA ní Àkúrẹ́, fásitì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED ní ìlú Oǹdó. A tóótun fún ẹ̀ka kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní òkè ọya ni orí ibùdó náà máa wà, mi ò ní bá yín jiyàn. Kí ó ṣáà wà. NgREN, ìsokọ́ra íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi so àwọn fásitì pọ̀, wà nílẹ̀, ẹ sọ ọ́ jí dáadáa kí dátà lè gba orí rẹ̀ rìn. Ẹ fi sólà àti bátìrì sí i láti ọjọ́ kìíní. Jẹnẹrétọ̀ nìkan kò tó. Gbogbo wa ló mọ bí owó dísù ṣe ń tán kí ọdún tó dé ìdajì.

Lẹ́yìn náà, ta ló máa ní àṣẹ láti wo dátà? Ti kòkó àti ti odò, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ti ènìyàn ní láti ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa yẹ ìbéèrè wò, kí àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní aṣojú nínú rẹ̀, kì í ṣe dókítà àti lọ́yà nìkan. Kí ìwé ìyọ̀ǹda wà ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti àwọn èdè yòókù, kí ẹni tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ ibi tí ohun tó fi sílẹ̀ ń lọ, kí ó sì lè ní òun kò ṣe mọ́. Bí ilé-iṣẹ́ òkèèrè bá fẹ́ fi dátà wa ṣe oògùn tí wọ́n máa tà, kí àdéhùn wà ṣáájú, lójú gbogbo ènìyàn.

Ìyókù ni owó. A fẹ́ kí ó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún ọdún 10, kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin, kí mínísítà tó bá dé lẹ́yìn yín má lè fi kálámù fà á nù.

Mo ń bẹ̀ yín, kí ẹ dá wa lóhùn ní gbangba láàárín oṣù mẹ́ta, kí ẹ sọ ẹni tí ẹ fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì yín. Bí ẹ bá pe ìpàdé, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa wọ ọkọ̀ wá pẹ̀lú owó ara wa.

Mo ti kó ìwé 31 ti ọ̀gá mi, títí kan àwọn tí ikán jẹ, sínú àpótí onírin kan nínú ọ́fíìsì mi, mo da káńfọ̀ sí i. Dísìkì náà wà lórí wọn. Lálaalẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ti dé ìwé kẹtàdínlógún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó rí ojú ìwé kan tí ọ̀gá ti kọ "K" pẹ̀lú báírò pupa, ó sì fa ọfà láti ara rẹ̀ lọ sí ibi tí ikán ti jẹ. Ó gbé e wá bá mi, a jọ ń wò ó. A ṣì ní ìwé 14 tí a kò tíì ṣí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí kan, Àkúrẹ́